Ìjókòó Dókítà Ọláìtán Nínú Ọkọ̀ Ìdíje

"Ṣé ẹ ti rí i báyìí?" Khàdíjàt ní. "Àbí ọwọ́ mi náà ló ya irin?"

Ó na irin náà sí Ọláìtán bí ẹni tó gbé ẹja jíjẹrà padà wá bá ẹlẹ́ja ní Kado. Irin pẹlẹbẹ kékeré ni, èyí tí wọ́n jó mọ́ ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ọkọ̀ pupa náà kí línkéèjì abẹ́ ọkọ̀ lè rí nǹkan dì mú. Ó ti ya sí méjì. Ojú ibi tó ti ya sì ti dógùn-ún, tó fi hàn pé ọjọ́ ti pẹ́ tó ti ń ya bọ̀ díẹ̀díẹ̀.

Ọláìtán kò wo irin. Ọwọ́ tó dì í mú ló ń wò.

"Ìyàwó," ó ní, "obìnrin mélòó ló ti yí ọkọ̀ po ní pápá ìdíje Gwagwalada lójú gbogbo èèyàn, tó wá bọ́ sílẹ̀ tó ń fi irin hàn wá?"

"Èmi nìkan ni obìnrin tó ń wa ọkọ̀ níbẹ̀, Bọ̀ọ̀dá."

"Mo mọ̀. Ìdí tí mo fi béèrè nìyẹn."

Ẹ̀gbọ́n ọkọ Khàdíjàt ni Ọláìtán. Nínú ẹbí wọn, àwọn ará Kàbbà tó fọ́n káàkiri Abuja, ìyàwó ilé kì í pe ẹ̀gbọ́n ọkọ lórúkọ, kì í bá a jiyàn níta, bí ẹ̀gbọ́n ọkọ bá sì ti jókòó síbì kan, kì í sọ fún un pé kó dìde. Khàdíjàt kò ba òfin kankan jẹ́ rí nínú wọn. Gbogbo èébú tó bá ní í bú ọkùnrin náà, inú "ẹ" àti "yín" ló máa ń wé e sí, á sì kúnlẹ̀ díẹ̀ kó tó gbé e fún un. Títí di òní, kò sí ẹni tó lè fẹ̀sùn àìníwà kàn án nínú ẹbí.

Olùkọ́ físíìsì ni Khàdíjàt ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Kado. Kọńtírákítọ̀ ni Ọláìtán, ó sì tún jẹ́ dókítà, oyè tí ilé ẹ̀kọ́ kan fi dá a lọ́lá. A kò tíì rí ẹni tó mọ ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́ náà. Bí o bá pè é ní Ọ̀gbẹ́ni, etí rẹ̀ á di pátápátá. Pè é ní Dókítà, á gbọ́ ọ láti òdì kejì títì.

Òun ló ni ọkọ̀ pupa náà. Ó rà á kó lè bá àwọn ọlọ́kọ̀ ìdíje ìlú yìí dọ́gba, ṣùgbọ́n ìpàdé pọ̀ fún un, ikùn náà sì pọ̀, ló bá ní kí ìyàwó àbúrò òun tó mọ ọkọ̀ wà máa bá òun gbé e jáde. Khàdíjàt gbé e jáde. Ó gbé e jáde débi pé àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè orúkọ ẹni tó wà á, wọn kò sì béèrè orúkọ ẹni tó ni ín mọ́. Ọjọ́ tí Ọláìtán kọ́kọ́ ṣàkíyèsí èyí, ẹ̀rín rẹ̀ sí ìyàwó àbúrò rẹ̀ yí padà. Nígbà tí irin wá já lábẹ́ ọkọ̀, tí ọkọ̀ sì yí po mọ́ ọn lọ́wọ́ lórí eré, inú ọkùnrin náà dùn débi tó fi gbàgbé pé ọkọ̀ òun ni.

"Ìdánrawò wà ní ọjọ́ Jímọ̀," ó ní, "ìdíje wà ní Sátidé. Mo ti ní kí wọ́n ṣe ọkọ̀ náà. Bó bá tún yí po mọ́ ọ lọ́wọ́ ní Jímọ̀, Mukhtar ló máa wà á ní Sátidé. Kò ní í sí irin kankan tí o máa fi hàn mí."

Mukhtar jẹ́ ọmọ ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, ọmọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n bí tí wọ́n sì tọ́ ní Abuja, tó máa ń gbọ́ Yorùbá ju bó ṣe lè sọ ọ́ lọ.

"Ẹ ṣeun, Bọ̀ọ̀dá," ni Khàdíjàt fèsì, orúnkún rẹ̀ sì tẹ̀ díẹ̀. "Ẹ ti ṣe bí ẹ̀gbọ́n. Ẹlòmíì ì bá ti gbà á lọ́wọ́ mi láìwá ẹ̀sùn kankan sí mi lọ́rùn."

Ọ̀dọ̀ Waris ni wọ́n gbé ọkọ̀ náà lọ. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni Waris, sọ́ọ̀bù rẹ̀ kò jìnnà sí ráúńdábáòtù Galadimawa. Ó kọ Ọ̀JỌ̀GBỌ́N ṢỌ́Ọ̀KÌ sára ògiri, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan sì ga ju ẹni tó kọ ọ́ lọ. Ká má parọ́ mọ́ ọn, ó mọṣẹ́. Abẹ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ ni ọ̀pá kan wà tó so táyà ọ̀tún pọ̀ mọ́ ti òsì, kí ọkọ̀ má baà tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan bó bá ń ya kọ́nà lórí eré. Línkéèjì ni irin kúkúrú tó so orí ọ̀pá náà kọ̀ọ̀kan mọ́ ẹsẹ̀ ọkọ̀. Waris gé irin tuntun tó nípọn ju ti tẹ́lẹ̀, ó jó o mọ́ ẹsẹ̀ ọkọ̀ lọ́tùn-ún lósì, ó wá fi irin onígun mẹ́ta gbe ọ̀kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn kó má lè mì mọ́. Ó fi òòlù gbá a, ó tẹ́tí sí ohùn rẹ̀, ó sì mi orí bí ẹni tí wọ́n ń kọrin fún.

Línkéèjì tuntun náà kì í ṣe irú ti ọkọ̀ ilé. Ọrùn rẹ̀ ṣeé yí, sípánà lè mú un gùn, ó sì lè mú un kúrú. Wọn kì í dè é pa nígbà tí ọkọ̀ wà lórí jáàkì. Wọ́n á sọ ọkọ̀ kalẹ̀ sórí táyà rẹ̀, ẹni tó máa wà á á wọlé jókòó, mẹkáníìkì á wá máa yí ọrùn línkéèjì títí ọ̀pá á fi sinmi, tí kò ní í fa ọ̀tún, tí kò sì ní í fa òsì. Ìgbà yẹn ni wọ́n á tó dè é.

Ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, wọ́n ti ti ọkọ̀ sórí kòtò sọ́ọ̀bù. Waris wà nínú kòtò pẹ̀lú sípánà. Ó ké jáde pé, "Ó ku kí awakọ̀ jókòó o!"

Khàdíjàt mú akoto rẹ̀, ó ń bọ̀. Ọláìtán ló kọ́kọ́ dé ilẹ̀kùn.

Ó ti dé láti àárọ̀, pẹ̀lú aṣọ awakọ̀ ìdíje tuntun pupa tí wọ́n kọ "Ọ̀gá Àgbà Ikọ̀" sí lẹ́yìn rẹ̀. Awakọ̀ rẹ̀, Sàkáríyà ará Ìkìrun, tẹ̀ lé e pẹ̀lú fóònù méjì. Wíwọlé sínú ọkọ̀ náà sì jẹ́ iṣẹ́. Irin ńlá dábùú ẹnu ọ̀nà ọkọ̀ ìdíje. Ẹsẹ̀ kan kọjá, ikùn dúró bá irin ṣe ìpàdé, wọ́n fẹnu kò, ìyókù ara wá tẹ̀ lé e. Bó ṣe jókòó ni ọkọ̀ tẹ̀ sí òsì bí ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n kó àpò sìmẹ́ǹtì sí ẹ̀gbẹ́ kan.

"Sàkáríyà, ya fọ́tò. Jẹ́ kí sítíárìn hàn."

"Ó hàn, Ọ̀gá. Ẹ gbé àgbọ̀n sókè díẹ̀, Ọ̀gá."

"Ṣé ó ti lọ sókè?"

Sàkáríyà wo fóònù, ó wo ọ̀gá rẹ̀, kò mọ èyí tí yóò dáhùn fún.

"Èyí tó wà lókè ti lọ sókè," ni Khàdíjàt sọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Lẹ́yìn fọ́tò, Ọláìtán pe ìbátan wọn kan ní Amẹ́ríkà, ó gbé fóònù yíká inú ọkọ̀, ó fi gíà hàn án, ó fi akoto tí kì í ṣe tirẹ̀ hàn án, ó ní iṣẹ́ yìí gba kí èèyàn fi ara jìn. Waris ṣì wà nínú kòtò. Khàdíjàt dúró títí fóònù fi kú, ó wá kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, èmi ló yẹ kí n wà níbẹ̀ báyìí. Ìwọ̀n ẹni tó máa wà á ni wọ́n fi ń de línkéèjì."

"Ìwọ̀n kí ni?"

"Ìwọ̀n ara."

Ariwo sípánà dákẹ́ nínú kòtò. Orí Waris tó ti yọ díẹ̀ tún wọlé padà.

"Khàdíjàt," Ọláìtán ní. Orúkọ rẹ̀ gan-an ló pè, kò pè é ní ìyàwó. "Ṣé o fẹ́ sọ lójú awakọ̀ mi pé mo sanra ni?"

"Kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́, Bọ̀ọ̀dá. Ẹ ò sanra. Ẹ kàn pọ̀ ni."

Sàkáríyà yíjú sí títì, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n.

"Waris!"

"Dókítà!"

"Ṣé èmi ló dá iṣẹ́ rẹ dúró?"

"Rárá, Dókítà."

"Ṣé kì í ṣe àyè awakọ̀ ni mo wà?"

"Àyè awakọ̀ ni, Dókítà."

"Ṣé èèyàn kọ́ ni mí?"

"Èèyàn gidi ni yín, Dókítà."

"Ó dáa. Máa de nǹkan rẹ. Ẹni tó ra ọkọ̀ ti jókòó sínú ọkọ̀."

Ọ̀jọ̀gbọ́n Ṣọ́ọ̀kì mọ ohun tó yẹ kó ṣe. Gbólóhùn kan péré ló gbà: kó ní, Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ̀ kalẹ̀. Ó wo bàtà Ọláìtán láti abẹ́ ọkọ̀, ó ronú sí gbólóhùn náà, ó rí i pé kò ṣeé sọ. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé ìyàtọ̀ tó máa wà níbẹ̀ kò ní í tó nǹkan. Ló bá yí línkéèjì òsì, ó yí ti ọ̀tún, títí ọ̀pá fi sinmi dáadáa lábẹ́ Ọláìtán, ó sì dè é pa. Ọláìtán ní kí wọ́n fi ọ̀dà funfun kun orí nọ́ọ̀tì méjèèjì kí òun lè mọ̀ bí ẹnikẹ́ni bá tún fọwọ́ kàn án. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé ọkọ̀ lọ sílé rẹ̀, ó sì ti géètì.

"Ẹ mọ̀ pé ohun tí ẹ ṣe yẹn ò dáa," Khàdíjàt sọ fún Waris.

"Àǹtí, kí lẹ fẹ́ kí n ṣe? Kí n lé àgbàlagbà dìde nítorí obìnrin?"

"Nítorí iṣẹ́."

"Ní Abuja yìí?" Waris ní, ó sì bú sẹ́rìn-ín.

Pápá ọlọ́dà kan ni wọ́n ń lò ní ọ̀nà Gwagwalada, àyè ńlá tí ilé iṣẹ́ kan kó ẹrù sí tẹ́lẹ̀ kó tó kógbá wọlé. Wọ́n to táyà àlòkù sí i láti fi pín ọ̀nà: kọ́nà ọ̀tún, kọ́nà òsì, lẹ́yìn náà ni ojú ọ̀nà gbọọrọ tó lọ bá kọ́nà ìkẹyìn lápá ògiri. Fún ìdánrawò ọjọ́ Jímọ̀, kọ́nà méjì àkọ́kọ́ nìkan ni wọ́n ṣí sílẹ̀. Àwọn ọlọ́kọ̀ yòókù wà lábẹ́ tẹ́ǹtì, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti ilé ẹ̀kọ́ Khàdíjàt sì ti wá wòran.

Khàdíjàt kò tíì rìn jìnnà tí ọwọ́ rẹ̀ fi mọ̀. Ní kọ́nà ọ̀tún, ọkọ̀ ń ṣe agídí. Ó yí sítíárìn, imú ọkọ̀ ṣì fẹ́ máa lọ tààrà. Ní kọ́nà òsì, ẹ̀yìn ọkọ̀ já lójijì, ó fẹ́ gba iwájú. Ó rọra mú un padà. Ó tún yíká, ó dín eré kù, kò yàtọ̀. Ṣùgbọ́n awakọ̀ tó bá ń lọ jẹ́jẹ́ ní Jímọ̀, wọn kò ní í gbé ọkọ̀ fún un ní Sátidé, ló bá tẹná. Kọ́nà òsì gbé ẹ̀yìn ọkọ̀, ó fì í lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ọkọ̀ yí po, èéfín táyà bo gbogbo rẹ̀.

Nígbà tí èéfín ṣí, Ọláìtán ń pàtẹ́wọ́. Ó ń pa á jẹ́jẹ́, bí ẹni tó wà ní ṣọ́ọ̀ṣì.

"Bọ́ sílẹ̀, ìyàwó. Ó tó."

"Línkéèjì ló ń fa ọ̀pá, Bọ̀ọ̀dá. Èmi kọ́ ló jókòó nígbà tí wọ́n dè é. Ẹ jẹ́ kí Waris tú u wò. Kò ní í pẹ́."

"Físíìsì," Ọláìtán sọ fún àwọn tó wà lábẹ́ tẹ́ǹtì, wọ́n sì rẹ́rìn-ín. "Waris, ṣé òótọ́ ni?"

Waris fi aṣọ nu ọwọ́ tí kò dọ̀tí. "Dókítà, òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Irọ́ díẹ̀ náà wà níbẹ̀."

"Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ọ̀dà mi. Mukhtar, wọlé."

Mukhtar wọlé. Kò tóbi ju Khàdíjàt lọ, kò sì wúwo jù ú lọ. Kọ́nà ọ̀tún bá a ṣagídí, kọ́nà òsì sì gbá a sínú táyà tí wọ́n tò, ó tú wọn ká. Ó bọ́ sílẹ̀, ojú rẹ̀ ti ràn.

"Kai! Bàbá, òsì yẹn... ó ń jù mí síta. Mi ò ṣe é. Wallahi, mi ò ṣe é."

Ẹ̀rín dáwọ́ dúró lábẹ́ tẹ́ǹtì. Ọláìtán wo ọmọ ọ̀rẹ́ rẹ̀ bí ẹni tó ń wo ògiri tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn tó ti ń bó. "Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ ò mọ ọkọ̀ wà."

Khàdíjàt bọ́ síwájú tẹ́ǹtì. Ó kúnlẹ̀, kì í ṣe ìkúnlẹ̀ díẹ̀ tó máa ń ṣe. Orúnkún méjèèjì ló fi kan ilẹ̀ ọlọ́dà tó gbóná níwájú gbogbo èèyàn, ó sì gbé ohùn sókè kí tẹ́ǹtì lè gbọ́.

"Ẹ̀yin ẹ wà á, Bọ̀ọ̀dá. Ìdí yín ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n. Ẹ wà á pẹ̀lú eré tí a fi wà á. Bó bá yí po mọ́ yín lọ́wọ́, mi ò ní í fọwọ́ kan sítíárìn yìí mọ́ láéláé. Bí kò bá yí po, ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa sọ ọ́ létí gbogbo wọn pé ẹ̀bi kò sí lọ́wọ́ mi."

Kò sí ọ̀nà tí ọkùnrin náà lè gbà yẹ̀ ẹ́. Obìnrin ti kúnlẹ̀, àwọn èèyàn ti gbọ́, fóònù àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì ti dìde. Ó gba akoto ńlá lọ́wọ́ ọlọ́kọ̀ kan, ó bá irin ẹnu ọ̀nà ṣe ìpàdé wọn, ó sì wọlé.

Ohun kan wà tí a gbọ́dọ̀ sọ nípa Ọláìtán: kò ní ojo. Ẹni tí kò tíì rò ó rí pé nǹkan lè dojú dé mọ́ òun lọ́wọ́ kì í dín eré kù nítorí ẹnikẹ́ni. Ó tẹná bí ẹni tí ìlú ń dúró dè. Ó dé kọ́nà ọ̀tún, ọkọ̀ yà wẹ́rẹ́. Ó dé kọ́nà òsì, Khàdíjàt dìde dúró. Ọkọ̀ tẹ̀ díẹ̀, ó di ilẹ̀ mú, ó yà bíi pé wọ́n gbẹ́ ọ̀nà fún un nínú ọ̀dà. Ó tún yíká, ó sáré ju ti àkọ́kọ́, kò sí ohun tó ṣe é.

Khàdíjàt wo Waris. Waris ń wo bàtà ara rẹ̀.

"O ti rí i," ni Khàdíjàt wí fún Mukhtar, inú rẹ̀ sì dùn, ìdùnnú tó mọ́ gbangba, tó ti pẹ́ tó ti ní irú rẹ̀. Kì í ṣe ọwọ́ òun. Gbogbo wọn ti rí i.

Ọkọ̀ dúró níwájú tẹ́ǹtì. Ọláìtán yọ akoto, òógùn bo ojú rẹ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì ti ń kígbe. Wọ́n ń kígbe "Dókítà! Dókítà!" nítorí Sàkáríyà ló kọ́ wọn ní ohun tí wọ́n máa ké. Ọkùnrin náà gbé ọwọ́ sókè, ó dúró títí wọ́n fi dákẹ́.

"Mo ṣèlérí, mo sì ń mú un ṣẹ," ó ní. "Kò sí ẹ̀bi lọ́wọ́ ìyàwó wa. Mo sọ ọ́ létí gbogbo yín. Kò sí ẹ̀bi lọ́wọ́ Mukhtar náà. Ọkọ̀ yìí ló ń wá ẹni tó tó o."

Wọ́n pàtẹ́wọ́.

"Nítorí náà, èmi fúnra mi ni mo máa wà á lọ́la. Waris, ohunkóhun kò gbọdọ̀ yí padà níbẹ̀."

"Kò ní í yí padà, Dókítà," ni Waris wí. Ohùn rẹ̀ ti padà dé.

Khàdíjàt dúró níbi tó wà. Ó ti gba gbogbo ohun tó béèrè. Ó ronú padà sí ọ̀rọ̀ tó fi orúnkún sọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó wá ibi tó ti dárúkọ àyè awakọ̀ nínú rẹ̀, kò rí i. Ẹ̀bi nìkan ló ní kí wọ́n gbé kúrò lọ́rùn òun, wọ́n sì ti gbé e kúrò, pẹ̀lú àtẹ́wọ́.

Mukhtar rọra fi Hausa kí i pẹ̀lẹ́ pé, "Sànnu, Àǹtí." 

Nígbà tí èrò ti ń tú ká, Ọláìtán fọwọ́ pe Khàdíjàt. Ó ṣì wà nínú ọkọ̀. Kò tíì yá a lára láti bá irin náà ṣe ìpàdé ìjáde. Ojú rẹ̀ wà lórí ojú ọ̀nà gbọọrọ tí wọn kò ṣí sílẹ̀ lónìí, tó lọ títí dé ìdí ògiri níbi tí kọ́nà ìkẹyìn ti ká wọlé láìròtẹ́lẹ̀. Kò wà á débẹ̀ rí.

"Ìyàwó," ó ní, ó dẹ ohùn sílẹ̀ kí Sàkáríyà má baà gbọ́. "Kọ́nà ọ̀hún yẹn. Níbo lo ti máa ń tẹ búréèkì?"

Khàdíjàt kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn.

"Ibi tí ẹ̀rù bá ti bà yín ni kí ẹ ti tẹ̀ ẹ́, Bọ̀ọ̀dá."

"Ẹ̀rù?" Ọláìtán wo ọ̀tún, ó wo òsì. "Kò sí nǹkan tó ń bà mí lẹ́rù."

"A jẹ́ pé ẹ ò ní í nílò búréèkì nìyẹn," ni Khàdíjàt wí. Ó dìde, ó gbọn eruku kúrò ní orúnkún, ó sì lọ mú akoto rẹ̀.